Ẹyẹ Tó Ń Wo Ẹ̀yìn

Ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi kó ẹrù dé ilé wa ní Ìgbẹ̀ìn, òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó ń sọ fún ẹni tó bá a ru ẹrù pé kó rọra, kó má jẹ́ kí àpò náà kan ilẹ̀ tútù. N kò lè dìde lọ pàdé rẹ̀. Orí ibùsùn ni mo wà, ìrọ̀rí méjì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, bí dókítà ṣe pa á láṣẹ. Mo kí i láti ibi tí mo wà: "Ẹ kú òjò, Màmá. Ẹ kú ìrìn o." Ó dáhùn, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi. Ikùn mi ló wò.

Oyún mi ti lé díẹ̀ ní oṣù márùn-ún nígbà náà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyẹn. Méjì àkọ́kọ́ ti wálẹ̀ ní nǹkan bí oṣù karùn-ún, ọ̀kan ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́, èkejì lórí ibùsùn yìí kan náà. Nígbà tí ẹ̀kẹta dúró, dókítà ní ẹnu ilé ọmọ mi ni kò lágbára, pé bí oyún bá ti ń wúwo ló ń ṣí. Ó fi okùn rán an pa. Ó ní kí n dùbúlẹ̀, kí n má gbé ohunkóhun. Ó ní bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, kí wọ́n gbé mi wá kíákíá kí òun lè tú okùn náà, torí bí ọmọ bá ń tì í láti inú tí a kò sì tíì tú u, ó lè ya ilé ọmọ, ó sì lè pa èmi àti ọmọ.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ewékorò. Ìdájí ló ń jáde lọ bá bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, ilẹ̀ á ti máa ṣú kó tó padà. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ mi. Ìyá mi ti kú. Ìyá tirẹ̀ ló kù.

Kí n má purọ́, àyà mi já nígbà tó sọ pé ìyá òun ń bọ̀. Lẹ́yìn tí oyún kejì wálẹ̀, mo dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ọjọ́ kan, mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Màmá ń bá ọkọ mi sọ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ní ọmọbìnrin kan wà ní Ìtòkú, ọmọ ẹni tí àwọn jọ ń tajà, pé ara ọmọ náà le, pé kó lọ wò ó. Ọkọ mi ní, "Ó tó, Màmá." Ìyẹn nìkan ló sọ. N kò sọ fún ọ̀kankan nínú wọn pé mo gbọ́. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, ọmọ tíṣà. Ilé oníṣòwò tó ti ń kírun láti ìran dé ìran ni tiwọn. Nígbà tí a fẹ́ra, àwọn kan ti sọ pé ọ̀nà méjì yìí kò ní pàdé. Mo rò pé Màmá wà lára wọn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó tọ́jú mi, n kò lè ṣe àìmoore. Ó ń se oúnjẹ, ó ń fọ aṣọ, ó ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ara mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá yí ẹ̀gbẹ́ padà báyìí, á ti béèrè: "Kí ló dé?" Bí mo bá fẹ́ tọ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń dúró sí, á máa tẹ́tí. Láràárọ̀, bó bá ń tẹ́ ibùsùn, mo ń rí i bó ṣe ń wo aṣọ tí mo sùn lé láti òkè délẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń wá. Èmi náà sì ti wá a kó tó dé. Àwa méjèèjì ń dúró de ohun kan náà, kò sí ẹni tó jẹ́ dárúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ kan tí oòrùn yọ, ó tú àpò tó gbé wá kó lè sá ohun inú rẹ̀. Àdìrẹ ló kún ibẹ̀. Aládìírẹ ni Màmá láti kékeré, ṣùgbọ́n ìwọ̀nyí kì í ṣe ọjà. Aṣọ tí òun àti ìyá rẹ̀ fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ yà lọ́wọ́ ni, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ikán ti wọ inú àpótí tí wọ́n wà. Bó ṣe ń tú wọn palẹ̀ ni eruku ń bọ́, ihò ńláńlá lára wọn. Níbi tó kù tó dára, ẹyẹ ló wà níbẹ̀: ẹyẹ tó ń fò, ẹyẹ tó ń ṣa oúnjẹ, ẹyẹ tó la ẹnu, gbogbo wọn funfun lórí búlúù tó ti ṣá.

"Kí lẹ máa fi wọ́n ṣe, Màmá?"

"Kí ni n ó fi wọ́n ṣe? Ikán ti fi wọ́n ṣe é tán."

Mo sọ fún un pé a lè gé àwọn ẹyẹ náà ní onígun mẹ́rin, kí a so wọ́n pọ̀, kí a fi búláńkẹ́ẹ̀tì tó ti gbó sí wọn nínú, kó di aṣọ ìbora. Òyìnbó obìnrin kan tó kọ́ wa ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló fi irú rẹ̀ hàn wá nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Aṣọ ìbora ta ni?"

Mo mọ ohun tó ń bẹ̀rù. A kì í ra aṣọ sílẹ̀ de ọmọ tí a kò tíì rí. Nínú yàrá yẹn, kò sí ohun kan tó jẹ́ ti ọmọ, kódà ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo.

"Tiyín ni," mo sọ kíá. "Kẹ́ ẹ máa fi bora nígbà ọyẹ́."

Ó kọjú sí fèrèsé, ó gbé ohùn sókè bí ẹni pé ẹnìkan wà níta tó yẹ kó gbọ́: "Tèmi ni o! Aṣọ àgbàlagbà ni!" Ó wá jókòó.

Báyìí ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Mo ń fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, mo ń gé wọn. Màmá tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń to ẹyẹ sórí rẹ̀ bí mo bá ṣe ń fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ tọ́ka sí ibi tí mo fẹ́. Gígé kò ní wàhálà. Títò ló di ogun.

Mo kọ́kọ́ ní mo kàn fẹ́ kó dọ́gba: èyí tí aró rẹ̀ dúdú kó má sún mọ́ irú rẹ̀, èyí tó ń fò kó máa tẹ̀lé èyí tó dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó dùbúlẹ̀ láti òwúrọ̀ títí dalẹ́ kò ní ohun méjì tó ń wò. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan mìíràn. Èyí kọjú sí ilẹ̀kùn: ṣé ó fẹ́ jáde ni? Ẹ yí i padà, Màmá. Èyí dá wà ní igun: ẹ gbé e sáàárín àwọn yòókù. Èyí dorí kodò: rárá, rárá, ẹ mú un kúrò. Bí a bá tò ó tán lọ́sàn-án, mo ti ń tú u ká nírọ̀lẹ́. Abẹ́rẹ́ kò tíì kan aṣọ.

Ẹyẹ kan wà tó yí ọrùn padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ síwájú, ojú rẹ̀ ń wo ẹ̀yìn. Ìyá Màmá ló yà á, ó sì dára ju gbogbo wọn lọ. Mo béèrè irú ẹyẹ tó jẹ́.

"Ibi tó ti wá ló ń wò," ni Màmá wí.

Kò fi ohun kan pè é. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn èèyàn ti sọ lẹ́yìn mi nígbà tí oyún kejì wálẹ̀, nípa ọmọ tó ń wá tó ń lọ, tí ọkàn rẹ̀ kò kúrò níbi tó ti wá. Mo ní kí a má fi ẹyẹ yẹn sí i.

"Ìyá mi ló yà á," ló sọ.

"Mo gbọ́, Màmá. Kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lọ́tọ̀."

Ó gbé e sí abẹ́ ìrọ̀rí tirẹ̀ níbi tó ń sùn sí nílẹ̀ yàrá náà.

Ní ọjọ́ kejì, mo jí, mo wo ilẹ̀. Gbogbo títò tí mo ti fọwọ́ sí lálẹ́ àná ti dàrú. Èyí tó wà lókè ti bọ́ sí ìsàlẹ̀, méjì dorí kodò. Ní àárín gbùngbùn, ẹyẹ tó ń wo ẹ̀yìn ló jókòó síbẹ̀.

Màmá wọlé pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná.

"Kí ló dé tí ẹ fi yí i padà?"

"Kí ni mo yí padà?"

"Màmá, mo rí i. Mo ní kí ẹ má fi sí i, ẹ sì dúró títí mo fi sùn."

"N kò fọwọ́ kàn án."

"Ẹyẹ ló rìn?"

Ó gbé ẹ̀kọ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ìyàwó, mo ní n kò fọwọ́ kàn án. Ó bọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí mi ni mo rò, n kò mọ bó ṣe débẹ̀."

Ohun tó jáde lẹ́nu mi lẹ́yìn ìyẹn, mo ti pa á mọ́ fún bí ọdún kan. "Kí lẹ wá ń ṣọ́ níbí? Ṣé ẹ kò ti rí ìyàwó mìíràn fún ọmọ yín ní Ìtòkú? Ẹ lọ mú un wá. Ẹ má jókòó tì mí bí ẹni tó ń dúró de òkú."

Mo ti gbọ́n ju kí n bá àgbà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ikùn mi le gbandi, ẹ̀rù sì bà mí pé mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe ara mi.

Màmá rí i. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ikùn mi, ó ní kí n mí, kí n rọra mí. A dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ikùn náà rọ̀, kò gbé ọwọ́ kúrò.

"Mo sọ ọ́," ló wí. "Ṣé o gbọ́ ọ? Mo sọ ọ́. Èmi ni mo nu ẹ̀jẹ̀ rẹ nílẹ̀ yàrá yìí, ọmọ ọlọ́mọ. Aṣọ mẹ́ta ni mo fi nù ún, kò tán. Mo rò pé ẹ̀kẹta á mú ìwọ gan-an lọ. Mo ní kí ọmọ mi lọ bímọ síbòmíràn, kó fi ọ́ sílẹ̀ kí o lè wà láàyè."

N kò mọ̀ bóyá mo gbà á gbọ́ lọ́jọ́ náà. Bóyá ìdajì rẹ̀ ni mo gbà. Ìyá kì í wá aya fún ọmọ rẹ̀ nítorí àánú aya tó wà nílé nìkan. Ṣùgbọ́n ó ṣì rántí iye aṣọ tó fi nu ẹ̀jẹ̀ mi, èyí kò ṣeé fi ṣẹ̀tàn.

Ọkọ mi dé nírọ̀lẹ́, ó bá wa bí àwọn tó ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú wọn tán. Ó bọ́ bàtà, ó wo ẹní. "Ẹ má bínú," ló sọ, "mo tẹ aṣọ yín mọ́lẹ̀ ní ìdájí. Kò síná. Gbogbo rẹ̀ wọ́ tẹ̀lé ẹsẹ̀ mi. Mo tò ó padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan bọ́ sẹ́bàá ìrọ̀rí, mo fi sáàárín."

"Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀?" mo béèrè.

"Àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló wà? Ẹyẹ ni gbogbo wọn."

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, n kò sì lè sọ fún yín pé ẹ̀rín nìkan ló wà nínú rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ foríjì mí, Màmá." Ó ní kò sí nǹkan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kó gbogbo ẹyẹ orí ẹní náà sínú abọ́ ńlá, ó pò wọ́n bí ẹni po gàrí. Ó kì ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìwò, ó yọ ọ̀kan fún mi.

"Bó bá ṣe jáde ni kí o rán an."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí gbogbo—"

"O ti rí gbogbo wọn láti ọjọ́ yìí. Kí ni rírí yẹn ṣe fún ọ? Rán an."

Mo rán an. Ó yọ òmíràn. Méjì tí aró wọn dúdú tẹ̀lé ara wọn, ó dùn mí bí ẹ̀gún, mo fẹ́ tú u. Ó ti na ẹ̀kẹta sí mi. Ẹyẹ tó ń fò mẹ́ta bọ́ sójú kan náà. Bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi bá ṣe irú rẹ̀, n bá ní kó tú u palẹ̀. Nígbà tí ẹyẹ tó ń wo ẹ̀yìn jáde, a jọ rí i. Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ mi.

"Má wò ó," ni Màmá sọ. "Rán an, kí n fún ọ ní èyí tó kàn."

Mo rán an. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Èyí tó kàn jẹ́ ẹyẹ tó ń ṣa oúnjẹ, mo rán òun náà. Láti ọjọ́ yẹn lọ, iṣẹ́ náà ń lọ. Mo ń bẹ̀rù síbẹ̀, n kò ní sọ pé n kò bẹ̀rù, ṣùgbọ́n n kò tún fi ẹyẹ bọ́ ìbẹ̀rù náà mọ́. Lọ́sàn-án, bí Màmá bá kírun tán, á jókòó tì mí, á máa yọ wọ́n fún mi, a ó máa sọ̀rọ̀ lórí ọbẹ̀, lórí bí wọ́n ṣe ń po aró láyé ìyá rẹ̀. Oṣù kẹfà kọjá. Oṣù keje kọjá.

Oṣù kẹjọ kò tíì pé nígbà tí omi bọ́ lára mi. Ọ̀sán ni, òjò ń rọ̀ bí ẹni da á. Mo pe Màmá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wo ibùsùn, ó wo ojú mi, ó ti sáré jáde láìwọ bàtà.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, ó ní ọkọ̀ Fọ́sìwágìn kékeré, èyí tí a ń pè ní ìjàpá. Wọ́n gbé mi sẹ́yìn rẹ̀. Màmá fi aṣọ ẹyẹ náà bò mí, ìlà méjì ṣì kù kó parí. (Ọdún tó tẹ̀lé e ni a tó rán èyí tó kù, Màmá sì fi í bora fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ọyẹ́ títí ó fi kú. Kò fún ẹnikẹ́ni.) Ọkọ̀ náà kò dáhùn. Bàbá tún gbìyànjú, ó kàn ń wúkọ́ bí arúgbó. Ni Màmá bá sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò, òun àti obìnrin méjì ará ilé, wọ́n tì í. Mo rí orí rẹ̀ láti inú dígí ẹ̀yìn, gèlè ti ṣubú, irun funfun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ọkọ̀ náà fò, ó sì jí, Màmá sáré wọnú rẹ̀.

Ní Kútọ̀, gbogbo ọkọ̀ tó fẹ́ lọ Èkó ti dí ojú ọ̀nà, àgbàrá sì ń ṣàn láàárín wọn. A kò lè lọ síwájú, a kò lè padà. Ìrora ìrọbí ti ń sún mọ́ ara wọn. Mo ń rò ó nínú mi pé okùn náà wà níbẹ̀, pé ọmọ ń tì í. Màmá tún ṣílẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ má fi mí sílẹ̀!"

"Níwájú rẹ ni mo wà."

Ó ń fi ọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì àwọn ọkọ̀, ó ń pariwo mọ́ àwọn awakọ̀: "Ẹ yà! Ìyàwó mi fẹ́ bímọ! Wọ́n rán an! Ẹ yà fún wa!" Kò sí ẹni tó mọ ohun tí "wọ́n rán an" túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n wọ́n yà. Ó ń sáré níwájú ọkọ̀ títí a fi jáde níbẹ̀.

Ní ọsibítù, ó sọ ọ́ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, ó sọ ọ́ fún ẹni tó ń nu ilẹ̀, ó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì: "Okùn wà lára rẹ̀, ẹ bá wa tú u." Wọ́n lọ wá dókítà. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo di irin ibùsùn mú, mo ń gbìyànjú láti má ti ọmọ náà, ara mi sì ń tì í fúnra rẹ̀. Dókítà dé, omi ń kán lára aṣọ rẹ̀. Mo gbọ́ ìró sáàsì. Ó ní, "Ó ti tú."

Lẹ́yìn ìyẹn, kò pẹ́. Ọmọbìnrin ni. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tín-ín-rín bí ìka mi. N kò gbọ́ ohùn kankan. Wọ́n gbé e lọ sórí tábìlì kan, ẹ̀yìn nọ́ọ̀sì méjì bò ó mọ́ mi lójú.

Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Màmá ti pè: "Ṣé kò ké ni?"

Nọ́ọ̀sì kan bẹ̀rẹ̀ sórí ọmọ náà.

"Ìyàwó! Ṣé kò ké ni?"

Mo na ọrùn sí tábìlì náà. Mo gbọ́ tí ọwọ́ ń gbá nǹkan kékeré, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan jáde, bí ti ọmọ ológbò, ó dákẹ́, ó tún jáde, ó sì wá ń le sí i. Níta, Màmá kígbe, "Alihamudulilai!" Mo gbọ́ ìró bí ẹni tó jókòó lé ilẹ̀ lójijì.

Wọ́n fi ọmọ náà sínú àpótí onígíláàsì tó ń gbóná. Wọ́n ní àwọn kò tíì lè sọ ohunkóhun, pé kí a máa wò ó. A sì wò ó, ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó jẹ́ kí a gbé e lọ ilé. Ó ti ní ọmọ tirẹ̀ báyìí.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí ọkọ mi dé lọ́jọ́ náà. Láti Ewékorò ló ti délé, àwọn ará ilé ló sì júwe ibi tí a wà fún un. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, eruku sìmẹ́ńtì ti di ẹrẹ̀ nírun rẹ̀ àti léjìká rẹ̀. Kò béèrè. Ó wo ojú mi, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó tún wo tèmi. Mo rí i pé ó ti kọ́ láti má béèrè.

Màmá dìde láti orí àga. Aṣọ ara rẹ̀ kò tíì gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lásán.

"Padà síta," ló sọ fún un. "Lọ fọ ọwọ́, kí o fọ ojú rẹ, kí o ṣan eruku yẹn dànù kí o tó wọlé. Ọmọ rẹ kéré, kò lè mí nínú sìmẹ́ńtì."